Máàkì Méjì Tó Lọ sí Ilé-ìwé Dádì

Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Lọ́yà, ọmọ mi, lọ ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kejì lónìí. Òjò ti ń rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bọ́ọ̀sì ò ní tètè wá, àmọ́ ó wá. Kó tó jáde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi bó ṣe máa ń ṣe láti oṣù karùn-ún. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti jí?" Mo ti jí, àmọ́ ó rẹ̀ mí, mi ò dá a lóhùn. Ló bá wọlé, ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi lábẹ́ aṣọ. Ọwọ́ rẹ̀ tutù bí omi. Mo ní, "Kí ló dé tí o kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi ná?" Ó ní kí n má bínú, ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Gbogbo àárọ̀ ni mo fi rán kọ́tìnnì, ọkàn mi ò sì kúrò lórí ìdánwò àkọ́kọ́ tó ṣe ní oṣù karùn-ún. Àbámẹ́ta ni ọjọ́ yẹn náà. Ìdájí ni mo jí tí mo bá bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí kò mí mọ́. Mo fa aṣọ bò ó dé àyà, mo nu ojú mi, mo lọ sílé ìdáná lọ gbé omi tíì kaná fún ọmọ. Nígbà tó yọjú, mo ní, "Dádì rẹ ń sùn o, má jí i. Ìdánwò rẹ ni kí o gbájú mọ́." Ó lọ. Ìgbà tó dé lọ́sàn-án ni mo tó sọ fún un. Kò ké. Ó kàn bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo dúpẹ́ nígbà náà pé ó kéré tán, mo bá a tọ́jú àárọ̀ ọjọ́ kan.

Máàkì tó gbà lọ́jọ́ náà, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ tí kì í kúrò ní ipò kìíní sí ìkejì. Kò mọ nǹkan kan, síbẹ̀ ó fìdí rẹmi. Mi ò tíì rí ìdí rẹ̀ títí di òní.

Àìkú, 6

Mo bi í bí ìdánwò ṣe lọ. Ó ní, "Ó lọ." Tí Lọ́yà bá ti sọ̀rọ̀ kúkúrú, a jẹ́ pé ó dára. Tí kò bá dára, àlàyé rẹ̀ kì í tán.

Ọjọ́bọ̀, 10

Òwú tún ti gbówó lórí. Ọ̀gá wa ní ṣọ́ọ̀bù kọ́tìnnì ní kí a má máa gé e gùn. Bàbá Tépù, tó ń lọ bá wa wọn fèrèsé nílé àwọn oníbàárà, ní òun máa dá irùngbọ̀n sí kí a lè máa fi í rán aṣọ.

Ọjọ́rú, 16

Lọ́yà kọ orúkọ yunifásítì tó fẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Méjì péré ni. Ìkan wà nítòsí, bọ́ọ̀sì kan ló dé ẹnu géètì wọn. Ìkejì jìnnà, òun la sì ń pè ní Ilé-ìwé Dádì. Akunlé ni bàbá rẹ̀. Ọdún tí Lọ́yà wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n gbà á síṣẹ́ níbẹ̀ láti bá wọn kun ilé ìkàwé. Ó padà dé pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ ewé nínú etí, ó ní ibẹ̀ dákẹ́ débi pé òun ń gbọ́ ìró búrọ́ọ̀ṣì òun lára ògiri. Ó ní, "Ọmọ yìí máa jókòó níbẹ̀, ó máa fẹ̀yìn ti ohun tí mo kùn." Láti ọjọ́ náà la ò ti sinmi. Títí àyà fi dà á láàmú, tí kò lè gun àkàbà mọ́, ọ̀rọ̀ ilé ìkàwé yẹn ni. Òun náà ló sọ ọmọ ní Lọ́yà, torí pé láti kékeré ló ti ń bá a jiyàn lórí ohun gbogbo. Nípa ilé-ìwé yìí nìkan ni wọn ò jiyàn rí.

Ní tèmi, èyí tó wà nítòsí ló wù mí. Mi ò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni létí.

Ẹtì, 25

Mọ́kànlélàádọ́rùn-ún! Ó fi fóònù hàn mí, ó tún gbà á padà kó lè wò ó fúnra rẹ̀. Mo jó díẹ̀ nílé ìdáná. Lọ́yà ní, "Mọ́mì, ẹ rọra, ìsàlẹ̀ ilé ń gbọ́ o." Mo ní kí wọ́n gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 31

Ọ̀la ni Ilé-ìwé Dádì máa ti ilẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé ò wúlò fún wọn, àjọ ìdánwò ló gbọ́dọ̀ fi máàkì ránṣẹ́ sí wọn tààrà. Láti ìrọ̀lẹ́ Ajé ni Lọ́yà ti ń gbìyànjú lórí fóònù, ṣùgbọ́n ṣe ni ojú òpó wọn kàn ń yí biribiri, gbogbo ọmọ ayé ló wà lórí ẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù wọ kíláàsì, ló bá di pé èmi ni màá bá a ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù, lórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá, lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ó là á yé mi láàárọ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. "Ẹ yan ilé-ìwé méjèèjì, ẹ sanwó, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Fi ránṣẹ́' sí. Ó parí nìyẹn."

Ó ṣí fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yan ilé-ìwé méjèèjì. Ló bá bi mí ní ohun tí Lọ́yà ò mẹ́nu bà: ṣé ìdánwò kan ni kí wọ́n fi ránṣẹ́ ni, àbí gbogbo èyí tó ti ṣe? Mo dúró. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, tí a bá rán kọ́tìnnì tán, gbogbo ègé aṣọ tó bá ṣẹ́kù la máa ń dì mọ́ ọn fún oníbàárà, títí dórí èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé a gé nínú aṣọ òun. Ọ̀gá kì í fi ìyẹn ṣeré rárá. Mo bi Bàbá Tépù tó ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Lọ́yà, ẹ kó gbogbo ẹ̀ fún wọn jàre. Kí wọ́n má lọ rò pé ẹ fi nǹkan pa mọ́."

Mo tẹ "Gbogbo rẹ̀". Mo sanwó. Wọ́n ní ó ti lọ. Inú mi dùn débi pé mo bu ẹran inú oúnjẹ mi fún Bàbá Tépù.

Àbámẹ́ta, 2 Oṣù Kọkànlá

Íméèlì àjọ ìdánwò dé. Lọ́yà ń kà á lórí ìdúró, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, àfi bí ẹ̀rín ṣe kúrò lójú rẹ̀.

"Mọ́mì, kí lẹ tẹ̀?"

"Ohun tí o ní kí n tẹ̀ náà ni."

"Méjèèjì ló lọ. Mọ́kànlélàádọ́rùn-ún àti mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ègé aṣọ fún un. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni mò ń gbọ́ ọ létí ara mi, ó sì dún bí ọ̀rọ̀ òmùgọ̀.

Ó ní, "Máàkì kì í ṣe aṣọ. Èyí tó dáa nìkan ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló mọ̀."

"Èmi ò mọ̀."

Kò gbé ohùn sókè. Ó gbé fóònù sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Àbí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ẹ ò fẹ́ kí n lọ."

Ó yẹ kí n bá a wí. Ọmọ ò gbọdọ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ báyẹn. Àmọ́ yàrá mi ni mo gbà lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé nígbà tí mo débẹ̀ tí mo fẹ́ búra fún ara mi pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mi ò lè búra náà tán.

Ajé, 4

Mo pe àjọ ìdánwò. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí títí oúnjẹ mi fi tutù. Obìnrin kan wá gbé e, ohùn rẹ̀ dùn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gba ìkan padà nínú ohun tí mo fi ránṣẹ́."

Ó ní, "Mà, tó bá ti lọ, ó ti lọ nìyẹn. Kò sí bí a ṣe lè fà á padà."

Mo ní kì í tiẹ̀ ṣe máàkì gidi, ọjọ́ tí bàbá ọmọ náà kú ló gbà á. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," ó sì dún bíi pé ó ti ọkàn rẹ̀ wá. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá nǹkan míì wà tí òun lè bá mi ṣe. Mo ní kò sí.

Ọjọ́bọ̀, 7

Lọ́yà ò bá mi sọ̀rọ̀ ju "Ẹ káàárọ̀" àti "Ó dàárọ̀" lọ. Ó ń fọ abọ́, ó ń gbálẹ̀, kò ṣe àfojúdi kankan tí mo lè dì mú. Àràárọ̀ ló ṣì ń wá sí yàrá mi. Kì í bèèrè mọ́ bóyá mo ti jí, ó kàn ń wọlé, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi, á jáde. Lónìí inú ń bí mi, mo fa ẹsẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. Ìwà ọmọ yìí ò yé mi mọ́.

Ẹtì, 8

Bàbá Tépù ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò yọ mí lẹ́nu ní gbogbo àárọ̀, èyí tí kò ṣe rí. Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní, "Ìyá Lọ́yà, ẹ bá mi fi máṣíìnì yín rán ẹnu mi pa." Mo ní òwú ti wọ́n. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rẹ́rìn-ín.

Ìṣẹ́gun, 19

Olùdámọ̀ràn ilé-ìwé Lọ́yà ní kí n wá. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, igò ojú rẹ̀ máa ń yọ̀ wálẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò tíì bàjẹ́ tán, pé Lọ́yà lè kọ àlàyé kúkúrú sí Ilé-ìwé Dádì nípa ìdánwò àkọ́kọ́, pé èèyàn ni wọ́n, wọ́n máa gbọ́.

Lọ́yà ní, "Mi ò ní fi ikú Dádì tọrọ ààyè."

Mo mọ ohùn yẹn. Ti bàbá rẹ̀ ni. Tó bá ti sọ ọ́ báyẹn, kí èèyàn gba ilé lọ ló kù.

Nínú bọ́ọ̀sì, ó jẹ́ kí èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mò ń ka àwọn kọ́tìnnì tí kò bá fèrèsé wọn mu lójú ọ̀nà.

Àbámẹ́ta, 30

A parí iṣẹ́ kọ́tìnnì tí hòtẹ́ẹ̀lì kan gbé fún wa. Gbogbo fèrèsé tó wà níbẹ̀, kọ́tìnnì kan ò kúrú. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Mo délé, kò sẹ́ni tí màá ròyìn fún. Àwọn ìròyìn báyìí, bàbá Lọ́yà ló ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Á ní, "Tún ibi tó dùn sọ."

Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Ilé-ìwé Dádì kọ̀wé. Wọn ò kọ̀ ọ́, wọn ò sì gbà á. Wọ́n ní àwọn rí máàkì méjì tí wọ́n jìnnà síra wọn gan-an, pé kó kọ ìlà díẹ̀ láti ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí. Lọ́yà kà á sókè fún mi, ó pa fóònù, ó ní òun ń lọ fọ aṣọ. Kò sí aṣọ ìdọ̀tí kankan nílé.

Àbámẹ́ta, 7

Mo ti pinnu. Tí òun ò bá kọ ọ́, èmi máa kọ ọ́. Ọwọ́ mi ló bà á jẹ́. Àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀sán ni mo tó rí ìlà mẹ́rin tó dúró.

Àìkú, 8

Òjò láti àárọ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Lọ́yà ń lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, mo gbé ohun tí mo kọ fún un. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bàbá ọmọ yìí kú ní ìdájí ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, pé ìyá rẹ̀ fi í pa mọ́ fún un, pé kò mọ̀ títí ó fi ṣe é tán, pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má fi ọjọ́ yẹn dá a lẹ́jọ́. Mo ní kó bá mi tún èdè rẹ̀ ṣe, kó fi ránṣẹ́.

Ó gbé áyọ́ọ̀nù dúró. Ó kà á. Ó tún un kà. Ó dá a padà sórí tábìlì.

"Mi ò lè fi èyí ránṣẹ́, Mọ́mì. Kì í ṣe òótọ́."

"Èwo ni kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀?"

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

Kò wò mí, apá aṣọ tó ń lọ̀ ló ń wò. Ó ní, "Ẹ wà nílé ìdáná, mò ń gbọ́ ìró kẹ́tùlù. Mo wọ yàrá kí n lọ fi káàdì ìdánwò mi han Dádì, torí ó ti ní kí n fi han òun kí n tó jáde. Mo pè é. Mo fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ kí n lè jí i. Ó tutù, Mọ́mì. Mi ò rí ẹsẹ̀ tó tutù báyẹn rí."

"Kí ló wá dé tí o ò ké pè mí?"

"Mò ń bọ̀ wá pè yín. Mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ẹ yíjú sí mi, ẹ ní Dádì ń sùn, ẹ ní kí n má jí i. Mo rò pé ẹ ò tíì mọ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ ò fojú kan oorun nítorí ẹ̀. Mo ní tí mo bá la ẹnu báyìí, ó ti tán fún yín nìyẹn. Mo ní kí n jẹ́ kí ẹ ṣì ní ọkọ títí di ọ̀sán."

Mo wá àga, mo jókòó.

Ó ní òun ò rí nǹkan kan kà nínú yàrá ìdánwò. Ó ní ìdáhùn kẹta ni òun ń kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ojú ìwé dé ojú ìwé, òun ń wo aago, òun ń rò ó pé bóyá báyìí ni Mọ́mì wọ yàrá, bóyá báyìí ni Mọ́mì rí i, kò sì sí ẹnì kankan lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ohun tó ń dùn mí látìgbà náà nìyẹn. Mo fi yín sílẹ̀ kí ẹ lọ bá a ní ẹ̀yin nìkan."

Mo ní, "Mo ti bá a."

Ó gbójú sókè.

"Kí o tó jí ni mo ti bá a. Èmi ni mo fa aṣọ bò ó. Mo ní kí o ṣe ìdánwò rẹ ná."

Ó wò mí títí. Mo rántí tíì tí mo fún un láàárọ̀ yẹn. Ó mu ún tán. Ó gbé ife fún mi, ó ní, "Ẹ ṣeun, Mọ́mì," ó sì jáde. Ó mọ̀, ó sì mu ún tán. Èmi náà mọ̀, mo sì ń bi í bóyá ṣúgà tó. Òkú kan ṣoṣo ló wà nílé, àwa méjèèjì ń fi í pa mọ́ fún ara wa.

Mo sunkún lónìí bí mi ò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú. Lọ́yà di ọwọ́ mi mú. Yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ jóná díẹ̀ lápá òsì, torí áyọ́ọ̀nù náà kò jìnnà sí i. Màá bá a lẹ̀ ẹ́.

Ajé, 9

Ó ti fi ránṣẹ́. Kò lo ìkankan nínú tèmi. Ó kà á fún mi kó tó tẹ̀ ẹ́: "Bàbá mi kú láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́. Mo mọ̀ kí n tó kúrò nílé, mo sì lọ." Mo bi í bóyá kò ní bẹ̀ wọ́n díẹ̀. Ó ní ó ti tó.

Ẹtì, 24 Oṣù Kìíní

Wọn ò gbà á.

Wọ́n ní àwọn tó yẹ pọ̀ ju ààyè lọ. Wọ́n bá a kẹ́dùn bàbá rẹ̀ ní ìlà kan. Èyí tó wà nítòsí ti gbà á láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ibẹ̀ ló máa lọ, á máa ti ilé lọ, á máa sùn sílé. Ohun tí mo fẹ́ ní kọ̀rọ̀ ni mo rí gbà yìí, ó sì korò lẹ́nu mi. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún mi láéláé bóyá ègé tí mo dì mọ́ ọn ló fà á. Mo sọ ọ́ fún Lọ́yà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dárí jì mí.

Ó ní, "Ká ní ẹ ò tẹ̀ ẹ́ ni, mi ò bá tí sọ ọ́ fún yín títí ayé." Ó tún ní, "Ògiri Dádì ò lọ síbì kankan. Tó bá yá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó."

Ó wọ yàrá rẹ̀. Mo gbọ́ tó ń sunkún, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù karùn-ún. Ọwọ́ mi wà lára ilẹ̀kùn, mi ò mọ̀ bóyá kí n wọlé. Mo wọlé.

Ajé, 27

Òtútù mú gan-an. Mo jí ṣáájú Lọ́yà, mo dùbúlẹ̀, mò ń gbọ́ ọ tó ń wá káàdì bọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri. Nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo yọ ẹsẹ̀ mi jáde lábẹ́ aṣọ kó má baà ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ní, "Mo ti jí, ọmọ mi."

Síbẹ̀, ó wọlé. Ó fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Ó gbóná."

Mo ní, "Ó gbóná. Máa lọ, kí bọ́ọ̀sì má fi ọ́ sílẹ̀."